Tíì Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo ní Rosmoylan

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ inú ilé-odi Rosmoylan, ilẹ̀kùn Attracta Gilhooly ni yóò kọ́kọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a láyé. Ilé-odi náà dúró sétí adágún Arla, òkúta dúdú gàgàrà tó ti wà níbẹ̀ kí baba-ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ọ̀nà oko. Ilẹ̀kùn onírin ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn sì ń bẹ lórí ìṣó nínú ilé ìdáná Attracta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Ọkàn Mímọ́ Jésù. Ìjọba tó wà ní Dọ́blìn ló ni òkúta. Attracta ló ni kọ́kọ́rọ́. Èmi Malachy Heslin ni mo ni ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kó má baà di àríyànjiyàn: ní gbogbo ìhà Leitrim, kò sí ẹni tó mọ ìtàn Rosmoylan tó mi, bẹ́ẹ̀ sì ni n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí. Iwájú iná ilé mi ni mo ti kàwé, lẹ́yìn tí mo bá ti fún wàrà màlúù tán, mo sì kà á títí àwọn ìwé náà fi ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn sinmi. Ọ̀mọ̀wé kan wá láti Galway nígbà kan, ó ní ohun tí mo ń sọ kò sí nínú ìwé kankan. Mo ní, "Ọ̀gá, ohun tó gbé yín wá síbí náà nìyẹn." Ó yọ bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Attracta ni.

Òdìkejì adágún ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Lọ́jọ́ tí Bertie Gilhooly fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kọjá, ìgbì ga ju orí igi lọ, ẹja ń fò bọ́ sínú ọkọ̀, ìyàwó sì ń fi etí aṣọ funfun rẹ̀ kó wọn jọ. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ẹja tí a ó fi jẹun ìgbéyàwó ti pé. Àwọn kan wà tí wọ́n ní atẹ́gùn kò fẹ́ rárá lọ́jọ́ náà. Àwọn wọ̀nyẹn kò sí nínú ọkọ̀. Èmi náà kò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n etí omi ni mo dúró sí, ojú mi sì mọ́lẹ̀ ju tiwọn lọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ nígbà náà. Obìnrin líle ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, èyí tó bá sì jáde, bí òkúta ló máa ń bà ni lára. Nínú ilé Gilhooly, láti ọwọ́ ìyàwó sí ọwọ́ ìyàwó ni kọ́kọ́rọ́ ń lọ. Wọn kì í fi lé ọkùnrin lọ́wọ́, wọ́n ní ọkùnrin a máa gbàgbé rẹ̀ sílé ọtí. Ìyàwó tuntun kò rí i fọwọ́ kàn, àfi lọ́jọ́ tí àlejò kan kànkùn nígbà tí ìyá ọkọ ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tí ọwọ́ rẹ̀ sì funfun dé ìgúnpá. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìṣó, ó ní, "Fún un. Ṣùgbọ́n fún un ní tíì ná. Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ láì fi nǹkan kan ọ̀fun, olè ni. Ẹni tó bá mu tíì rẹ, àlejò rẹ ni, yóò dá a padà." Láti ọjọ́ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ti di ti Attracta. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ló fi ń pa á lára kó má dípẹtà. Ó gùn tó apá ọmọ ọwọ́, ó sì wúwo tó ìbínú ìyá ọkọ.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ tíì, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan dúró sí. Ní ìhà tiwa níbí, bí wọ́n bá fi tíì lọ̀ ọ́, o kò gbọdọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí ebi ń lé kiri. O ó kọ̀. Onílé ó tún fi lọ̀ ọ́. O ó tún kọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ ó ti rọ̀ díẹ̀. Nígbà kẹta, onílé kò ní bi ọ́ mọ́, ńṣe ni yóò sọ pé omi ti wà lórí iná. Ìwọ náà ó wá sọ pé, "Ó dáa, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà fẹ́ mu." Gbogbo ọmọ tí a tọ́ dáadáa ti mọ èyí kó tó mọ àdúrà Baba Wa. Àwọn ará òkè òkun ni kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní rárá, wọ́n á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ará Jámánì kan kọ tíì Attracta títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, nígbà tó yá ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, ó mu ún tòun tomijé.

Kíkọ̀ tí à ń kọ̀ kò burú. Ohun tó burú ni kí onílé fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí o kọ̀, kó sì dákẹ́. Èébú tó ju ìyẹn lọ kò sí nílẹ̀ wa. Mo mọ ẹbí méjì tí wọn kì í jókòó sí apá kan náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní nítorí rẹ̀, àwọn tó sì bẹ̀rẹ̀ ìjà náà ti kú tipẹ́.

Bertie kú. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Declan, wà ní Boston níbi tó ti ń kọ́lé fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó kù nílé náà ni Attracta, àwọn adìẹ rẹ̀, àti ajá kan tí a ń pè ní Bíṣọ́ọ̀bù nítorí pé kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Àti àwọn tó ń kànkùn. Ẹni tó wá gba kọ́kọ́rọ́ á kànkùn lẹ́ẹ̀kan, á mu tíì, Attracta á bi í pé ọmọ ta ni, ilé wọn dà, ìyá rẹ̀ ńkọ́, ta ló fẹ́. Tó bá wo ilé-odi tán, á tún kànkùn láti dá kọ́kọ́rọ́ padà, Attracta á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Obìnrin kan láti ilẹ̀ Japan kò gbọ́ èdè wa, òun náà kò gbọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo wọlé, Attracta ti mọ̀ pé ọmọ ọkọ obìnrin náà ń ṣe oríkunkun.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ń fọ kọ́ọ̀pù, kò wojú mi, ó ní, "Malachy, bí kò bá sí ti kọ́kọ́rọ́ yìí, ta ni ì bá kan ilẹ̀kùn mi?"

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Ó ní, "Ìwọ? Ìgbà wo lo kànkùn rí? Ńṣe lo máa ń já wọlé bí ewúrẹ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ọ́fíìsì ìjọba ní Dọ́blìn fi pè é lórí fóònù. Wọ́n ní ayé ti yí padà. Wọ́n ní àwọn ó fi àgádágodo onínọ́ńbà sí ilẹ̀kùn Rosmoylan, ẹni tó bá fẹ́ wọlé ó pe ọ́fíìsì, wọ́n ó sọ nọ́ńbà fún un, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò wọlé, yóò jáde. Wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá gba kọ́kọ́rọ́, kí Màmá máa sinmi. Attracta dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó gbé fóònù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó fi ọ̀rá pa á, ó tún fi aṣọ nù ún, ó tún fi ọ̀rá pa á. Èmi ni mo ń bínú.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi owó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Mo ti jókòó sílé ìdáná láti òwúrọ̀ kí ó má baà dá nìkan wà. Búrẹ́dì eléso àjàrà gbígbẹ wà lórí tábìlì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò, bọ́tà wà níbẹ̀, kẹ́túlù sì ń kùn lórí iná. Ẹnì kan kànkùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ló wọlé, kóòtù rẹ̀ ń kán tó-tó-tó, àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o mà. Ẹ káàárọ̀ o bàbá. Fiachra Tuohy lorúkọ mi, láti ọ́fíìsì."

"Ẹ wọlé," Attracta ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ jókòó, ọ̀gá."

Ó pè é ní ọ̀gá! Attracta tó máa ń pe bíṣọ́ọ̀bù gidi ní ọmọ mi. Mo gbé ojú sókè.

Ọkùnrin náà jókòó sétí àga. Ojú rẹ̀ lọ sórí búrẹ́dì, ó tètè mú un kúrò níbẹ̀, ó gbé e sí ara ògiri. Láti Dọ́blìn ló ti wakọ̀ bọ̀ nínú òjò, ẹnikẹ́ni sì lè rí i pé inú rẹ̀ ṣófo.

Attracta ní, "Ṣé ẹ máa mu tíì?"

"Rárá o mà, ẹ ṣeun, ẹ má yọra yín lẹ́nu."

Ó ní, "Ó dáa."

Ó rìn lọ sídìí iná, ó sì gbé kẹ́túlù kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí mànàmáná tó bọ́ sínú adágún yìí tó sì se ẹja jinná. N kò rí nǹkan tó bà mí lẹ́rù bí kẹ́túlù yẹn. Bíṣọ́ọ̀bù pàápàá dìde dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ya ẹnu díẹ̀, bí ẹni tí ń dúró de nǹkan, ó wo kẹ́túlù, ó wo Attracta, ó wo èmi. Mo wo bàtà mi. Attracta fi aṣọ bo búrẹ́dì.

"Ṣé ẹ fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́?" ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó... ó dùn mí pé—"

"Kò sẹ́ni tó ń gba kọ́kọ́rọ́ yìí láì mọ ibi tó ń ṣí. Malachy, gbé bàtà òjò rẹ wọ̀. A ó lọ fi Rosmoylan han ọ̀gá."

Òun fúnra rẹ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́, ó fi í sábẹ́ kóòtù bí ẹni tó gbé ọmọ pa mọ́ fún òjò. A gba etí omi lọ. Ọkùnrin náà ń ti ẹ̀yìn bọ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí ilẹ̀kùn onírin, ó yọ fóònù, ó gbé e sókè, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó na ọwọ́ sí ojú adágún.

Mo ní, "Kò ní í gbé níbẹ̀ yẹn. Òkúta yìí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá. Tadhg Mac Orlagh ló gégùn-ún fún un."

"Ta ni Tadhg Mac Orlagh, bàbá?"

Attracta mí kanlẹ̀. "Ó ti bi í o. Ó ti bi í."

Kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn láì dún, torí ọ̀rá. A wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Mo fi ihò tó wà lókè ẹnu ọ̀nà hàn án, níbi tí wọ́n ti ń da omi gbígbóná lé ọ̀tá lórí. Mo ní wọ́n ń da ọbẹ̀ ẹran sí i nígbà tí omi bá tán, ọ̀tá kan sì wà tó máa ń padà wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú síbí. Mo fi àtẹ̀gùn tó ń yí bí ìkarahun ìgbín hàn án, pé ó yí sí ọ̀tún kí ẹni tó ń jà láti òkè lè rí àyè ju idà, kí ẹni tó ń gòkè bọ̀ máa fi idà gbá ògiri. Mo fi abẹ́ òrùlé inú gbọ̀ngàn hàn án, níbi tí ipa ọ̀pá híhun ṣì wà lára àpòpọ̀ iyanrìn tí wọ́n fi mọ ọ́n, bí ìdí agbọ̀n gẹ́lẹ́. Èyí òótọ́ ni, ẹ lè lọ wò ó.

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka tọ ipa àwọn ọ̀pá náà. "Mo ti ń rí i nínú àwòrán," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Ó wúkọ́.

Mo rí i pé Attracta gbọ́ ikọ́ náà. Ó yí ojú sí fèrèsé. Mo ti mọ obìnrin yìí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti pupa: títí ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì jáde nílé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ. Olè kan wọlé rẹ̀ rí, ó mu tíì kó tó sá. Ohun tó ṣe fún ọmọ náà ti ń pa òun fúnra rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n bó ṣe máa bọ́ nínú rẹ̀ ni kò mọ̀. Ọmọ náà kò sì lè béèrè, torí ẹni tí a tọ́ dáadáa kì í béèrè. Bí àwọn méjèèjì bá wà bẹ́ẹ̀, ó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ, Attracta á sì jókòó ti iná, kò sí ẹni tí yóò kànkùn mọ́.

Ẹnì kan ní láti ṣe nǹkan. Ẹni tó gbọ́n jù níbẹ̀ sì ni èmi.

A gun òkè pátápátá. Òjò ti dẹwọ́. Adágún Arla tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán, àwọn ẹyẹ kannakánná ń fò yí wa ká wọ́n ń bú wa. Fiachra Tuohy fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní, "Bàbá, báwo ni ilé tó le báyìí ṣe wó?"

Attracta ní, "Sọ ti ìbọn àgbá fún un. Àgbá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì."

Mo ní, "Kì í ṣe àgbá ló wó Rosmoylan."

"Àgbá ni lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Àwọn tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tó ẹni tí à ń sọ òtítọ́ fún." Mo fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ọ̀gbẹ́ni, Tadhg Mac Orlagh ni olówó ibí, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa—"

"Dúdú," Attracta ló dá sí i.

"—ó pupa lójú oòrùn, ó dúdú lójú òjò. Ní ayé rẹ̀, wọn kì í ti ilẹ̀kùn yìí nígbà oúnjẹ. Ẹni tó bá ń kọjá á wọlé, wọ́n á fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, á kọ̀, wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, á kọ̀, wọ́n á ní ẹran ti jinná, á jókòó. Ìdí nìyẹn tí gbogbo olóyè tó yí adágún ká fi jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọdún kan, akéwì kan dé nínú òjò. Inú Tadhg kò dùn lọ́jọ́ náà, n kò mọ ohun tó ṣe é, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan fẹ́ gba nǹkan rẹ̀. Ó bi akéwì náà pé, ṣé o máa jẹun? Akéwì ní rárá, ẹ má yọra yín lẹ́nu. Tadhg ní, ó dáa. Ó sì gbé ẹran fún ajá."

Fiachra kò wo ẹnikẹ́ni.

"Akéwì dìde, ó lọ. Kò gégùn-ún, kò kọrin èébú. Ohun tí ojú rẹ̀ rí náà ló ń sọ láti ilé dé ilé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun wá dé tòun ti àgbá wọn, Tadhg dáná sórí ibi tí a dúró sí yìí gan-an, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i kí wọ́n wá gbà á. Gbogbo wọn rí i. Olóyè kọ̀ọ̀kan rán ikọ̀ kan nínú ọkọ̀ ojú omi, ikọ̀ náà dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó ké sókè: ṣé ẹ fẹ́ ìrànlọ́wọ́? Kí ni kí Tadhg sọ? Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni òun náà. Ó ké sísàlẹ̀: rárá o, ẹ má yọra yín lẹ́nu! Wọ́n ní, ó dáa. Wọ́n sì wakọ̀ padà sílé."

Atẹ́gùn fẹ́. Kannakánná kan bà sórí òkúta, ó ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òpin rẹ̀.

"Malachy Heslin," Attracta ní, "èyí kò sí nínú ìtàn rẹ rí."

"Mi ò tíì rí ẹni tó yẹ ẹ́ ni."

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ pa á mọ́ra, kò ṣeé ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ìyá," ó ní, kò pè é ní mà mọ́, "ìyá àgbà mi ní Belmullet, létí òkun ìwọ̀-oòrùn, ló tọ́ mi. Ó ti sọ fún mi pé irú rẹ̀ wà, pé wọ́n ṣe é fún ẹnì kan nígbà èwe òun, ẹni náà sì kó lọ sí Ọsirélíà. Mi ò gbà á gbọ́. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Mo ti ń dúró dè é lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí bàbá ń sọ̀rọ̀ omi gbígbóná, ọkàn mi ń lọ sórí kẹ́túlù yín."

Attracta fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n omi wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta tútù, kọ́kọ́rọ́ lórí itan rẹ̀.

"Belmullet," ó ní. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ẹnu ọ̀nà pé ọmọ Belmullet ni ọ́? Mo ti rò pé Dọ́blìn ni wọ́n bí ọ sí, pé o kò ní í mọ̀ pé mo bú ọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ó wọ̀ mí lára."

"Ṣé o máa mu tíì, ọmọ mi?"

"Rárá o mà, ẹ má yọra—" Ẹ̀rù bà á lójijì, bí ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ kan sínú kànga.

Mo ní, "Ọlọ́run ọba! Ọmọ yìí á kú síbí."

"O máa mu díẹ̀ ṣá," Attracta ní.

"Mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

"Mo ti gbé omi kaná ná." Lórí ilé-odi o, láàárín ọ̀run òun ayé, tí ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí wa lórí.

"Ó dáa," Fiachra Tuohy ní, "tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà fẹ́ mu."

A sọ̀ kalẹ̀. Búrẹ́dì náà kò lo ìṣẹ́jú mélòó kan lórí tábìlì. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú bọ́tà, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú jáàmù, ó jẹ ìyókù lásán. Attracta bi í pé ọmọ ta ni, ilé wọn dà, ta ló fẹ́. Kò tíì fẹ́ ẹnì kan, wọ́n sì ń wá ojútùú sí ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan kànkùn. Tọkọtaya kan láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni, wọ́n tutù bí ẹja, ọkọ na fóònù rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń ṣagbe.

"Ẹ jọ̀ọ́, a dé ìdí ilé òkúta yẹn, fóònù wa kò gbé..."

"Kò lè gbé," Attracta ní. "Ẹ wọlé. Ṣé ẹ máa mu tíì?"

"Rárá, ẹ ṣeun," ìyàwó ní, ó sì fi gbogbo ọkàn sọ ọ́.

Fiachra ló dìde, ó gbé àga fún wọn. "Ẹ máa mu ún," ó ní. "Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ máa mu ún."

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò. Ó wo bí Attracta ṣe yọ kóòtù obìnrin náà tó fi í síwájú iná. Ó gbọ́ bó ṣe mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ríro, tó wá irọ̀rí kan fún un, tó sọ fún un pé kó má gun òkè pátápátá. Ó wo bó ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ lé obìnrin náà lọ́wọ́ méjèèjì, tí obìnrin náà sì gbà á bí ẹni gba ọmọ. Wọ́n lọ. Attracta jókòó, ó ń wo ìṣó òfìfo lára ògiri.

"Wọ́n á dá a padà," ó ní. "Lẹ́yìn náà ni wàá mú un lọ. Mi ò bá ọ jà."

Ọmọ náà dìde. Ó jáde, ó gun òkè ọ̀nà lọ sídìí ògiri níbi tí fóònù ti máa ń gbé díẹ̀, a sì ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ kejì ṣàlàyé fún atẹ́gùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Attracta da tíì sínú kọ́ọ̀pù, kò mu ún. Bíṣọ́ọ̀bù lọ gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ohun tí kò ṣe fún òkú ọkọ rẹ̀ rí.

Fiachra wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọ̀gá mi ní dandan ni kí àgádágodo náà wọ ibẹ̀," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ti tán lórí ìyẹn."

"Mo gbọ́," Attracta ní.

"Mo wá bi wọ́n pé, ẹni tó bá dé ìdí ilẹ̀kùn tí fóònù rẹ̀ kò gbé ńkọ́, báwo ni yóò ṣe gbọ́ nọ́ńbà? Èmi alára kò rí ohùn gbọ́ níbẹ̀. Mo ní àfi kí a rí ẹnì kan nítòsí tí yóò máa sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní ta ni? Mo ní obìnrin kan wà." Ó jókòó. "Wọ́n ní ṣé yóò gbà. Mo ní ó máa kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Attracta wò ó títí.

"Rárá o," ó ní, "ẹ má yọra yín lẹ́nu."

"Ẹ bá wa ṣe é, Ìyá."

"Àwọn tó mọ nọ́ńbà ju mí lọ wà."

"Mo ti kọ orúkọ yín sára pátákó."

"Ó dáa," Attracta ní, "tó bá jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn."

Bó ṣe wà títí di òní nìyẹn. Pátákó wà níwájú Rosmoylan: kí àlejò tó bá fẹ́ nọ́ńbà lọ kan ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé Attracta Gilhooly. Wọ́n ń kàn án. Attracta fúnra rẹ̀ ló yan nọ́ńbà náà, ó sì ti bú mi tó ìgbà tí mo béèrè rẹ̀. Mo ti gbìyànjú ọjọ́ ìbí Declan, mo ti gbìyànjú ọjọ́ tí Bertie gbé e kọjá omi, àgádágodo kò dá mi lóhùn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ́fíìsì kò mọ̀ ni èyí. Bí Attracta bá ti sọ nọ́ńbà fún àlejò tán, ó tún máa ń mú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ lórí ìṣó, ó máa ń gbé e lé wọn lọ́wọ́, tòun ti ọ̀rá tó wà lára rẹ̀. Kò ṣí nǹkan kan mọ́ láyé. Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi ń fún wọn.

Ó ní, "Ta ló ń dá nọ́ńbà padà?"

Mo ronú sí i. Òótọ́ ni. Nọ́ńbà, ìkànkùn kan ló wà nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́, méjì ni.

Lánàá òde yìí, mo já wọlé bí ìṣe mi, mo ní, "Attracta, sọ nọ́ńbà yẹn fún mi. Ta ló mọ ìtàn ibẹ̀ tó mi?"

Ó ń gbọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Malachy, ṣé o máa mu tíì?"

Mo ní, "Rárá, má yọra rẹ lẹ́nu."

"Ó dáa," ó ní, ó sì gbé kẹ́túlù kúrò lórí iná.

Mo jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo sì kànkùn.